"Oje ìgbáradì" ni tèmi, kì í ṣe "omi másùnmáwo"

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé, ní èdè Yorùbá, ká máa pe kọ́tísọ́ọ̀lù, họ́mónù (ìyẹn ohun tí ara ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ láti fi ránṣẹ́ sí ẹ̀yà ara míì) tí àwọn dókítà ẹran ń wọ̀n nínú ẹ̀jẹ̀ àti itọ́ màlúù, ẹlẹ́dẹ̀ àti ewúrẹ́, ní "omi másùnmáwo". Ó dùn lẹ́nu lóòótọ́, àmọ́ n kò fara mọ́ ọn.

Ẹ gbọ́ "má sùn" tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Másùnmáwo ni ìdààmú tó ti pẹ́ lára, tí kì í jẹ́ kéèyàn fojú kan oorun. Kọ́tísọ́ọ̀lù kì í dúró kó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ lé ewúrẹ́ yí àgbàlá ká kí ẹ tó fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀: láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan ó ti ń gòkè, eré tí ẹ lé e lẹ máa wọ̀n. Ó máa ń gòkè lára akọ ẹlẹ́dẹ̀ tó ń gun abo. Ó sì máa ń pọ̀ láàárọ̀ lára ẹlẹ́dẹ̀ tí nǹkan kan ò ṣe. Tá a bá ti sọ ọ́ ní omi másùnmáwo, a ti dájọ́ ká tó gbọ́ ẹjọ́.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ó ń mú kí ẹ̀dọ̀ tú ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀, kí ara lè rí agbára fi kojú ohun tó ń bọ̀. Ìgbáradì gan-an nìyẹn. Ìdí tí mo fi mú "oje" ni pé ohun kékeré tó wà lórí kídìnrín ló ń sun ún jáde, bí igi ṣe ń sun oje. "Ìgbáradì" tún bá ìtàn ọ̀rọ̀ "hormone" mu: nígbà tí Ernest Starling, onímọ̀ nípa iṣẹ́ ara, ará Gẹ̀ẹ́sì, mú ọ̀rọ̀ náà jáde ní 1905, ọ̀rọ̀ ìṣe Gíríìkì tó túmọ̀ sí pé kí a ta nǹkan jí ló mú un wá láti inú rẹ̀. Adìyẹ náà kò sì ní ṣẹ́ kù sẹ́yìn, nítorí corticosterone ló ń ṣe irú iṣẹ́ yìí lára tiẹ̀, kì í ṣe kọ́tísọ́ọ̀lù. Orúkọ kan á gba méjèèjì.

Ẹnì kan tún kọ "kọ́tísọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́" fún "free cortisol". Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀fẹ́ ni ohun tí a kò san owó rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ so mọ́ pùrótéènì. Díẹ̀ tí kò so mọ́ nǹkan ló ń rọ́nà wọ inú itọ́. Mo kọ́kọ́ rò ó pé ká sọ "oje àìso", àmọ́ ìyẹn jọ igi tí kò so èso. "Oje asomọ́" àti "oje arìnká" ni mo wá fọwọ́ mú. Torí pé arìnká nìkan ló ń dé inú itọ́ ni iye inú itọ́ fi kéré sí ti ẹ̀jẹ̀, kì í ṣe pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́.

Ẹ má sì jẹ́ ká fi àmì ohùn ṣeré níbí. Itọ́ ni ti ẹnu: ẹ fún ẹlẹ́dẹ̀ ní òwú, á rún un fúnra rẹ̀, kò sí pé à ń dè é mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá ka "ito" lórí ìwé ìlànà láìsí àmì lè lọ gbé ìtọ̀. Bẹ́ẹ̀, oje yìí ń bá ìtọ̀ jáde pẹ̀lú. Ẹ̀rọ á ṣì ka nǹkan, ẹnikẹ́ni ò sì ní mọ̀ pé wọ́n ti ṣì í gbé.