Ṣé kò yẹ kí wọ́n jẹ́ kí òṣìṣẹ́ tó bá fẹ́ jáde kúrò nínú pẹ́ńṣọ̀n?

ỌmọÌsìnkàn:

Ẹ kúulé o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò. Iléeṣẹ́ aládàáni kan ní Àkúrẹ́ níbí ni mo ti ń ṣiṣẹ́, a ju ogún lọ níbẹ̀, oṣooṣù ni wọ́n sì ń yọ ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún owó mi pé ti pẹ́ńṣọ̀n ni. Òfin pẹ́ńṣọ̀n ti 2014 ló ní kí wọ́n yọ ọ́, kò sẹ́ni tó bi mí bóyá mo fẹ́ àbí mi ò fẹ́. Èmi sì rèé, mo ní oko kòkó tí bàbá mi fi sílẹ̀ lọ́nà Ọ̀wẹ̀nà, igbó ti fẹ́ gbà á tán nítorí mi ò rówó pe lébìrà kó bá mi ro ó, owó kòkó wá gbẹ́nu sókè ní 2024, ojú mi ń wo àwọn tó loko lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa bí wọ́n ṣe ń kọ́lé. Lọ́dún yẹn kan náà ìjọba fúnra wọn ní ọ̀wọ́ngógó ọjà ti lé ní ìdá 34 nínú ọgọ́rùn-ún. Owó tí mo ti ń kó síbẹ̀ látọjọ́ yìí, kí ló máa rà tí mo bá fi máa pé ọmọ 50 ọdún?

Àwọn sójà ò sí nínú ẹ̀, wọ́n ti yọ wọ́n látọdún 2011. Àwọn ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìntì wọ́de ní Àbújá ní 2025 pé kí wọ́n yọ àwọn ọlọ́pàá náà kúrò. Tó bá ṣeé yọ sójà, kí ló dé tí èmi ò lè buwọ́lùwé pé mi ò ṣe mọ́? Àgbàlagbà ni mí, mo mọ ohun tí mo fẹ́ fi owó mi ṣe. Ẹ jọ̀ọ́ kí lẹ rí sí i?

Akápò_Alágbàká:

Bọ̀dá, mo gbọ́ yín dáadáa, ṣùgbọ́n èmi ni mò ń ṣètò owó oṣù níbi iṣẹ́ wa, ohun tí mò ń rí ni màá sọ. Ìdá 8 tiyín lẹ kà, ẹ ò ka ìdá 10 tí ọ̀gá yín gbọ́dọ̀ fi kún un. Ká ní owó oṣù yín pẹ̀lú ti ilé àti ti ọkọ̀ jẹ́ 100,000 náírà. Wọ́n á yọ 8,000 lára yín, ọ̀gá á mú 10,000 wá látinú àpò tiẹ̀, 18,000 ló máa wọ àkáǹtì tó wà lórúkọ yín, wọn ò sì gba owó orí lórí 8,000 yẹn. Tẹ́ ẹ bá wá ní ẹ ò ṣe mọ́, 8,000 nìkan ló ń bọ̀ lọ́wọ́ yín, owó orí á tún kọ́kọ́ bù ú jẹ, 10,000 á padà sápò ọ̀gá. Ta ló jèrè níbẹ̀?

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù nìyí o. Ọjọ́ tí òfin bá ti lè sọ pé ẹni tó bá wù kó jáde, àwọn ọ̀gá ló máa kó wa jáde. Ṣé ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń gbani síṣẹ́ nílùú yìí? Wọ́n á gbé lẹ́tà síwájú ọmọ tó ti ń wáṣẹ́ kiri látìgbà tó ti parí NYSC, ìwé kejì á ti wà lábẹ́ ẹ̀, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ látilé pé èmi lágbájá fínnúfíndọ̀ yọ ara mi kúrò nínú pẹ́ńṣọ̀n, ibi tó máa buwọ́lù nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀, wọ́n á sì ti na báírò sí i. Ṣé ọmọ yẹn máa ní òun ò ṣe ni? Á buwọ́lù ú, á tún dúpẹ́. Tó bá dijọ́ kejì, wọ́n á ní òun ló fọwọ́ ara ẹ̀ kọ ọ́.

AdéOkeÀró:

Àlàyé Akápò dáa nínú ìwé. Tèmi ńkọ́? Níbi tí mo wà, wọ́n ń yọ ọ́ lóṣooṣù, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ní kí PFA, iléeṣẹ́ tó ń bá mi tọ́jú owó pẹ́ńṣọ̀n, fi stétímẹ́ǹtì ránṣẹ́ sórí fóònù mi, January wà ńbẹ̀, February wà ńbẹ̀, láti March lọ òfìfo ni. Mo lọ bá àwọn akáńtì, wọ́n ní kí n ní sùúrù, ọ̀gá ń retí owó kọ́ńtírákì kan. Kí ló kan owó ọjọ́ alẹ́ mi pẹ̀lú kọ́ńtírákì ẹlòmíì? Ìyẹn ni mo ṣe wà lẹ́yìn ẹni tó bèèrè yìí. Tí mo bá láṣẹ àtijáde wọn ò ní rí nǹkan yọ mọ́, màá gbé e lọ sí kọpurétífù wa ní Arákàlẹ̀, níbẹ̀ mo mọlé alága, mo mọlé akápò, tí owó bá dín a máa bira wa léèrè lójúkojú.

Ìyá_Tísà:

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jẹ́ n dá sí i o. Ètò àtijọ́ lèmi bá fẹ̀yìntì, èyí tí òṣìṣẹ́ kì í dá kọ́bọ̀, tí wọ́n ní àwọn máa san gbogbo ẹ̀ tó bá yá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé ìyẹn dùn, ẹ ò tíì tò fún gírátúítì rí. Ẹ máa gbé fáìlì lọ, wọ́n á ní ọdún tiyín ò tíì kàn, ẹ tún lọ, ẹni tó mọ̀ yín níbẹ̀ ti lọ sẹ́ka míì. Obìnrin kan tá a jọ kọ́ọ̀yàn ní iléèwé kan náà, ojú ń dùn ún, owó iṣẹ́ abẹ ló ń wá, ìgbà tí gírátúítì ẹ̀ máa jáde ojú kan ti lọ. Ẹ má tún sọ fún mi pé tuntun ò ní ìṣòro, ìjọba àpapọ̀ náà jẹ gbèsè jọjọ, 2025 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí i kí wọ́n yá 758 bílíọ̀nù náírà láti fi san án. Ṣùgbọ́n orúkọ yín wà lórí tiyín, ẹ lè wò ó lórí fóònù bí Adé ṣe wò ó yẹn. Èmi ò rí nǹkan wò.

Ìwọ ọmọ tó ní oko kòkó, mi ò ní o ò ní ṣe é. Àmọ́ gbogbo wa la mọ bí ilé ṣe rí. Bàbá ìyàwó á kú, ẹbí á ní màlúù kan ni tìẹ, aṣọ ẹbí ń bẹ nílẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ á ní kó o yá òun lówó ọkọ̀, o ò lè ní o ò ní in nígbà tí wọ́n mọ̀ pé o ní in. Owó tó wà níbi tọ́wọ́ rẹ ò lè tó, ẹbí náà ò lè tọrọ ẹ̀. Èyí nìkan tó fún mi láti ní kó o fi í síbẹ̀.

Lándànì_ọmọ_Oǹdó:

Ẹ ṣé mà. Ẹ jẹ́ n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbí ní Lándànì, nítorí wọ́n gbà kéèyàn jáde. Láti 2012, tó o bá ti ríṣẹ́, tí ọjọ́ orí àti owó rẹ bá tó, wọ́n á fi ẹ́ sínú pẹ́ńṣọ̀n ibi iṣẹ́ láìbi ẹ́, ṣùgbọ́n o lè jáde láàárín oṣù kan kí wọ́n dá owó rẹ padà. Ẹ wá gbọ́ èyí tó kan ọ̀rọ̀ Akápò o: fọ́ọ̀mù ìjáde yẹn, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú pẹ́ńṣọ̀n lo ti máa gbà á, kì í ṣe lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ, òfin sì kà á léèwọ̀ kí ọ̀gá rọ̀ ẹ́ tàbí kó dúnkokò mọ́ ẹ pé kó o jáde. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́ta wọ́n á tún fà ẹ́ wọlé, tó o bá ṣì fẹ́ jáde o tún máa bèèrè. Pẹ́ńṣọ̀n ti ìjọba gan-an, tí National Insurance tí wọ́n ń yọ lára owó oṣù wà fún, ìyẹn ò lójú ọ̀nà àtijáde fún òṣìṣẹ́. Nítorí náà èmi rò pé ó ṣeé ṣe ní Nàìjíríà náà tí wọ́n bá fi irú odi yẹn yí i ká.

Akápò_Alágbàká:

Odi dára, ta ló máa ṣọ́ ọ? Òfin tiwa náà ní kí ọ̀gá san owó wọlé láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 7 lẹ́yìn tó bá san owó oṣù, tó bá pẹ́ kó san ìtanràn tí kò gbọ́dọ̀ dín ní ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún gbèsè yẹn lóṣooṣù, ẹ bi Adé bóyá ẹnì kan ti gbà á lọ́wọ́ ọ̀gá tiẹ̀. Kí wọ́n kọ́kọ́ fi hàn wá pé àwọn lè ṣe èyí ná. Adé, ẹ kọ lẹ́tà sí PenCom, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ètò pẹ́ńṣọ̀n, ẹ so stétímẹ́ǹtì mọ́ ọn pẹ̀lú ìwé owó oṣù láti March, wọ́n ní àwọn tí wọ́n gbà síṣẹ́ láti máa lé irú gbèsè bẹ́ẹ̀. Ẹ kó ara yín jọ kọ ọ́, ẹ má dá a kọ. Tẹ́ ẹ bá jáde lónìí, èyí tí wọ́n ti jẹ látẹ̀yìn ṣì wà lọ́rùn wọn, ẹ ò sì ní ohun tẹ́ ẹ máa fi bá wọn jà mọ́.

Bọ̀dá olóko, tó bá jẹ́ pé bí wọ́n ṣe ń tọ́jú owó yẹn ni ò wù yín, láti November 2020 ẹ lè kó o lọ sí PFA míì lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Tíṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ yín kẹ́ ẹ tó pé 50, tí ẹ ò rí òmíì lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, ẹ lè gba ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó wà ńbẹ̀, ẹ sì tún lè lo ìdá 25 fún owó àkọ́kọ́ ilé tí báǹkì bá yá yín lówó láti rà. Ti oko ni ò sí níbẹ̀, èmi gbà pé ó yẹ kó wà.

ỌmọÌsìnkàn:

Ẹ ṣeun gan-an. Mi ò tíì gbà tán o, ó ṣì dùn mí pé wọ́n lè jẹ́ kí n fi ra ilé pẹ̀lú owó tí báǹkì bá yá mi àmọ́ mi ò lè fi tún oko bàbá mi ṣe, ibẹ̀ yẹn ló yẹ ká ti pariwo. Ṣùgbọ́n ti ìwé kejì tí wọ́n tẹ̀ sílẹ̀ yẹn wọ̀ mí lára, torí lẹ́tà tèmi náà, mi ò ka nǹkan kan nínú ẹ̀ tí mo fi buwọ́lù ú. Mo ti ní kí PFA fi stétímẹ́ǹtì ránṣẹ́, tó bá dé màá wá sọ fún yín. Akápò, ibo lẹ ní kí Adé kọ lẹ́tà yẹn sí, ṣé ọ́fíìsì wọn kan wà nítòsí wa àbí Àbújá ni gbogbo ẹ̀ ń lọ?