Ojúlé ni, kì í ṣe èbúté: orúkọ àwọn ohun tó ń so géèmù mọ́ ayélujára

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ kò gùn: nínú ìtọ́sọ́nà tí a fẹ́ kọ ní Yorùbá, báwo la ṣe máa sọ fún ẹni tó ń so ẹ̀rọ géèmù Xbox tàbí PS5 mọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì ilé rẹ̀ pé kó lọ tún port 3074 (nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà tí ìsọfúnni géèmù ń gbà) ṣe lórí ráútà, àpótí tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì nínú ilé? Àbá méjì ló ti wá látọ̀dọ̀ àwọn tí a jọ ń wá ọ̀rọ̀, “ṣí èbúté 3074” àti “ṣí ihò 3074”. Mi ò fara mọ́ ìkankan nínú méjèèjì. Orúkọ tí a bá fún nǹkan yìí ló máa sọ ibi tí ọwọ́ òǹkàwé máa lọ nígbà tí géèmù bá kọ̀ tí kò wọlé. Nítorí náà, iṣẹ́ tó ń ṣe ló yẹ ká wò ká tó sọ ọ́ lórúkọ.

Èbúté ni ibi tí ọkọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀ sí. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, ọ̀tọ̀ ni port ti ọkọ̀ ojú omi, ọ̀tọ̀ ni ti kọ̀ǹpútà. Látinú ọ̀rọ̀ Látìnì “porta”, ìyẹn ẹnu ọ̀nà, ni ti kọ̀ǹpútà ti wá. “Portus” ni ti èbúté. Ẹni tó kọ èbúté ti lọ túmọ̀ ọ̀rọ̀ mìíràn tó kàn bá èyí tí à ń wá dọ́gba lẹ́nu.

Ihò dára, àmọ́ ó ní ibi tó yẹ ẹ́: ibi tí a ń ki wáyà LAN bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀rọ. Ẹ sọ fún ènìyàn pé kó ṣí ihò 3074, á yí ráútà padà, á máa wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ihò mẹ́rin ló sábà máa ń bá níbẹ̀. Èyí tí à ń wí yìí lé ní 65,000, kò sì sí èyí tí a lè fojú rí nínú wọn.

Ojúlé ni mo dábàá. Ẹ wo bí a ṣe ń kọ àdírẹ́sì sórí lẹ́tà: ojúlé kejìlá, òpópónà báyìí, ìlú báyìí. Àdírẹ́sì IP, ìyẹn nọ́ńbà tí a fi ń dá ẹ̀rọ mọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ló ń mú ẹrù (packet, ìsọfúnni tí à ń fi ránṣẹ́ ní wẹ́wẹ́) dé àgbàlá. Nọ́ńbà ojúlé ló ń sọ ẹnu ọ̀nà tí ẹrù náà máa kàn. Wọ́n lè takò mí pé ojúlé ti jẹ́ nọ́ńbà ilé lójú títì, pé “yàrá” ló yẹ kó jẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ní ẹnì kan lọ láti ojúlé dé ojúlé, ẹnu ọ̀nà ló ń kàn, kò tíì wọ yàrá ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ tí port ń ṣe gan-an nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ìṣe tó wà nídìí rẹ̀ tilẹ̀ kàn mí ju orúkọ lọ. “Ṣí” kò tó. Bí ẹ bá ṣí ojúlé 3074 tí ẹ ò sọ ẹni tó ni àlejò, ìyẹn ẹrù tó ń ti ìta bọ̀, ráútà ò ní mọ ẹ̀rọ wo nínú ilé ló máa gbé e fún. “Darí” ló yẹ, torí darí kì í dá dúró: a ní láti sọ ohun tí à ń darí àti ibi tí à ń darí rẹ̀ sí. Gbólóhùn tí mo máa kọ nìyí: “Darí ojúlé 3074, UDP àti TCP, sí 192.168.1.50.” (UDP àti TCP ni ọ̀nà méjì tí a ń gbà fi ẹrù ránṣẹ́.) Bí òǹkàwé bá ti rí “sí” yìí, á béèrè pé ta ló ń jẹ́ 192.168.1.50, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìṣe. Ráútà ló ń pín àdírẹ́sì, ó sì lè gba èyí tó fún ẹ̀rọ géèmù lánàá kó fún fóònù ẹlòmíràn lónìí. Ìlà tí ẹ kọ á ṣì wà níbẹ̀, àmọ́ fóònù ni yóò máa darí àlejò sí. Nítorí náà, kí ẹ tó darí ohunkóhun, ẹ wo àdírẹ́sì MAC ẹ̀rọ náà (nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí wọ́n ṣe mọ́ ọn) nínú Settings, kí ẹ sì fi de àdírẹ́sì IP kan mọ́ ọn lórí ráútà. Bí ẹ̀rọ géèmù bá pé méjì nínú ilé, ẹ má darí 3074 rárá, torí ẹnì kan ṣoṣo ni ìlà yẹn lè ṣiṣẹ́ fún. Ẹ pa ìlà náà rẹ́, ẹ tan ètò UPnP lórí ráútà kí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan lè fúnra rẹ̀ gba ojúlé tirẹ̀, kí ẹ wá tún ráútà àti ẹ̀rọ méjèèjì tàn.

Ó kan NAT, iṣẹ́ tí ráútà ń ṣe kí gbogbo ẹ̀rọ inú ilé lè jọ lo àdírẹ́sì kan níta. Wọ́n dábàá “ìpààrọ̀ àdírẹ́sì”. Òótọ́ ni, àmọ́ kò sọ ìdí tí àlejò fi ń padà sẹ́yìn. Mo ní ká pè é ní oníbodè, ká fi ráútà sílẹ̀ fún àpótí náà. Láyé ijọ́un, oníbodè ló ń jókòó sẹ́nu odi ìlú, tó ń gba owó ibodè, tó sì ń mọ ẹni tó jáde àti ẹni tó wọlé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni NAT: bí ẹ̀rọ géèmù bá rán ẹrù jáde, á kọ ọ́ sílẹ̀, èsì tó bá sì tìtorí rẹ̀ wá á rọ́nà wọlé. Àmọ́ ẹlòmíràn tẹ́ ẹ jọ fẹ́ gbá géèmù, tó kàn ń kanlẹ̀kùn láti ìta láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí i, oníbodè ò mọ̀ ọ́n, á dá a padà.

Láti ibẹ̀ ni ìtumọ̀ ohun tí Xbox máa ń kọ sójú ìwò nípa NAT ti wá: Open ni “ṣí sílẹ̀”, Moderate ni “ṣí díẹ̀”, Strict ni “tì”. Ẹ jọ̀ọ́, kò sóhun tó le nínú Strict tí a ó fi pè é ní “NAT líle”. Ẹni tí tirẹ̀ bá tì, ẹni tí tirẹ̀ ṣí sílẹ̀ nìkan ló lè bá pàdé. PlayStation ń lo nọ́ńbà 1, 2 àti 3 ní tirẹ̀ dípò irú orúkọ bẹ́ẹ̀. 2 ti tó fún ẹni tó wà lẹ́yìn ráútà, kí a má máa lé 1 kiri.

Oníbodè tún jẹ́ ká rí orúkọ fún double NAT: oníbodè méjì. Ráútà kan wà lẹ́yìn ráútà mìíràn, àwọn méjèèjì ń dá àlejò padà. Kí a sọ ọ̀kan di access point, tó kàn ń pín Wi-Fi láìṣe iṣẹ́ oníbodè, ó tán. Èyí tó nira ni CGNAT, tí mo máa pè ní oníbodè òde, torí ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń ta íńtánẹ́ẹ̀tì ló wà. Ẹ wọ ojú ewé ráútà, ẹ wo àdírẹ́sì WAN, ìyẹn èyí tí ráútà ń lò lójú òde. Bó bá wà láàárín 100.64 sí 100.127, oníbodè òde wà níwájú yín nìyẹn, kò sì sí ojúlé tí ẹ lè darí nínú ilé tó máa ràn yín lọ́wọ́. Ẹ ní kí ilé-iṣẹ́ náà ta àdírẹ́sì gbangba, èyí tí ẹni tó wà níta lè kàn tààràtà, fún yín. Ọ̀pọ̀ íńtánẹ́ẹ̀tì 4G ni ọ̀rọ̀ yìí kàn.

Níbi “latency”, ìyẹn bí ẹrù ṣe ń pẹ́ tó lójú ọ̀nà, ni mo ti rí àbá tó léwu jù, ìyẹn “ìyára”. Ìyára ni gbogbo ènìyàn ń pe Mbps (iye megabit ìsọfúnni tó ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan), ohun tí wọ́n sì ń sanwó sí nìyẹn. Géèmù tí à ń gbá lọ́wọ́ kì í sábà jẹ ju megabit kan lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tí géèmù rẹ̀ ń fà, tó ka “ìyára” nínú ìtọ́sọ́nà, á lọ ra 100 Mbps, géèmù á sì máa fà bó ṣe ń fà tẹ́lẹ̀. Mo dábàá “àlọbọ̀”: àkókò tí ẹrù fi lọ tó sì fi bọ̀. Wáyà abẹ́ òkun MainOne, tí wọ́n tàn ní 2010, gùn tó nǹkan bí 7,000 kìlómítà láti Èkó dé Pọ́túgà. Ìmọ́lẹ̀ ń sáré nǹkan bí 200,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan nínú wáyà bẹ́ẹ̀. Àlọ gba mílísẹ́kọ́ńdù 35, àbọ̀ gba 35: àlọbọ̀ ti di 70 kí ẹrù tó kúrò ní Pọ́túgà lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Owó kankan ò lè dín ìyẹn kù. Ẹni tó ń gbá géèmù l'Ékòó, ẹ jẹ́ kó yan sáfà (kọ̀ǹpútà tí àwọn tó ń gbá géèmù ti ń pàdé) tó sún mọ́ ọn jù tí géèmù bá fún un láyè àtiyàn.

Ohun tó wà níkàwọ́ wa ni jitter, ìyẹn bí àlọbọ̀ ṣe ń lọ sókè sódò, èmi á sì pè é ní “ségesège” láìfi bọpo bọyọ̀. Àlọbọ̀ 110, 112, 110 ṣeé gbá. Àlọbọ̀ 60, 240, 75 ni yóò mú kí bọ́ọ̀lù fò lójijì níwájú gólì. Wi-Fi 2.4 GHz tí gbogbo aládùúgbò ń lò ló sábà máa ń fà á. Wáyà LAN tí wọ́n ń pè ní Cat5e, tó lè gùn dé mítà 100, ló ń wò ó sàn. Bí wáyà ò bá ṣeé là kọjá ògiri, ẹ lo Wi-Fi 5 GHz, kí ráútà sì wà nínú yàrá kan náà.

“Ìdì” ni wọ́n fẹ́ fún packet. Mo ti ń lo “ẹrù” látòkè wá, ìdí rẹ̀ nìyí: orí fóònù ni ọ̀pọ̀ ti ń kọ Yorùbá, láìsí àmì ohùn. Ẹni tó bá rí “idi n sonu loju ona” lè kà á sí ẹyẹ, ó sì lè kà á sí ohun tí a fi ń jókòó. “Ẹrù ń sọnù lójú ọ̀nà” á yé e, kódà bí kò bá fi àmì sí i.