Àwo àkọ́kọ́ ti Beatles: kí ló dé tí orin ẹnu fi wà ní etí kan, tí ìlù sì wà ní èkejì?

Atẹ́tísílẹ̀ béèrè pé:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ọ̀rẹ́ tí ẹ fẹ́ràn orin rọ́ọ̀kì, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ kan ló rú mi lójú. Nígbà tí mo wà ní kékeré, àbúrò bàbá mi tó lọ kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù gbé àwo Please Please Me ti ẹgbẹ́ Beatles bọ̀ wálé. Gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ló máa ń gbé e sórí gíramafóònù rẹ̀, títí tí mo fi mọ ibi tí abẹ́rẹ́ ti máa ń fò. Ohun tí mo rántí jù ni pé ojú kan ni gbogbo orin náà ti máa ń jáde, àfi bí ẹni pé àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fara kanra nínú yàrá kékeré kan.

Lóṣù tó kọjá ni mo tún gbọ́ ọ lórí fóònù, tí mo ki ohun ìgbọ́rọ̀ bọ etí méjèèjì. Orin ẹnu wà ní etí ọ̀tún, gìtá àti ìlù sì sá lọ sí etí òsì. Nígbà tí mo yọ ti òsì kúrò, ó kù díẹ̀ kó dà bíi pé àwọn èèyàn náà ń kọrin láìsí ohun èlò kankan lọ́wọ́ wọn. Mo kọ́kọ́ rò pé fóònù mi ló bàjẹ́. Ṣé bí wọ́n ṣe gbà á sílẹ̀ ní 1963 nìyí, àbí àwọn tó tún un ṣe lẹ́yìn náà ló tú u ká? Nínú gbogbo ẹ̀dà tó wà níta, èwo ni kí n kà sí ojúlówó?

Onírẹ́kọ́ọ̀dù Àtijọ́ fèsì pé:

Kò sí ohun tó ṣe fóònù yín. Bí wọ́n ṣe gbà á sílẹ̀ ló fa ohun tí ẹ gbọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí wọ́n ṣe fẹ́ kí a gbọ́ ọ nìyẹn. Ipa méjì péré, ìyẹn ọ̀nà tí a lè gba ohùn sí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ló wà lórí téèpù tí wọ́n lò ní sítúdíò ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù EMI ní Abbey Road. George Martin tó ń darí iṣẹ́ náà, àti Norman Smith tó wà nídìí ẹ̀rọ, fi ohun èlò sí ipa kan, wọ́n sì fi orin ẹnu sí èkejì, kí wọ́n lè padà wá wọn ìwọ̀n méjèèjì, kí ọ̀kan má baà bo èkejì mọ́lẹ̀. Bí ìwọ̀n bá ti dọ́gba, wọ́n á pa méjèèjì pọ̀ di ẹyọ kan, èyí tí à ń pè ní mónò. Òun ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbọ́, nítorí pé sípíkà kan ṣoṣo ló wà lára ẹ̀rọ tó wà nílé wọn. Ẹ̀dà mónò jáde ní ọjọ́ 22, oṣù kẹta, 1963. Ti sítẹ́rìò tẹ̀lé e ní oṣù kẹrin, wọn kò sì da ara wọn láàmú púpọ̀ lórí rẹ̀: ipa kan sọ́tùn-ún, ìkejì sósì, ó tán.

Nígbà tí àwo mẹ́rin àkọ́kọ́ wọn di CD ní 1987, mónò nìkan ni wọ́n gbé jáde. Ọdún 2009 ni wọ́n fọ ohùn gbogbo àwo wọn mọ́, tí ti sítẹ́rìò sì gba ìgboro kan. Èrò tèmi ni pé mónò ni ojúlówó, n kò sì ní yí ohùn padà lórí ìyẹn. Ẹ wo ara páálí àwo tó wà nílé yín: bí ẹ bá rí PMC 1202, mónò ni, bí ó bá jẹ́ PCS 3042, sítẹ́rìò ni.

Ìyá Olórin fèsì pé:

Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n wa sọ, àmọ́ ẹni tó bá gbọ́ mónò nìkan yóò pàdánù ohun kan tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Nínú orin Please Please Me gan-an, ẹ̀dà sítẹ́rìò kò ti inú ìkọrin kan náà wá. Nínú ti sítẹ́rìò, John Lennon, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ṣi ọ̀rọ̀ kọ nígbà tí orin ń lọ sópin, ẹ ó sì gbọ́ ẹ̀rín nínú ohùn rẹ̀ bí ó ṣe ń gbé orin náà lọ. Kò sí àṣìṣe yìí nínú mónò.

Ní ti àwo náà lápapọ̀, orin mẹ́rin ti jáde tẹ́lẹ̀ lórí àwo kéékèèké. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fi gba mẹ́wàá tó kù, ìyẹn ọjọ́ 11, oṣù kejì, 1963: wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní aago 10 àárọ̀, wọ́n sì parí kí aago 11 alẹ́ tó lù. Òtútù ti mú Lennon, ó ń mu mílíìkì, ó sì ń lá oògùn ọ̀fun. Nítorí èyí ni Martin ṣe fi Twist and Shout sí ìgbẹ̀yìn, nítorí ó mọ̀ pé orin náà yóò ha á lọ́fun. Ìkọrin àkọ́kọ́ ló wà lórí àwo títí di òní. Wọ́n gbìyànjú ẹ̀ẹ̀kejì, ṣùgbọ́n ohùn ti tán. Kí ẹ gbọ́ mónò o, kí ẹ gbọ́ sítẹ́rìò o, ọ̀fun tó ń ya yẹn kò fara pamọ́. Ọjọ́ kan yẹn náà ní àfikún díẹ̀, nítorí Martin fúnra rẹ̀ padà wá ní ọjọ́ 20 oṣù náà láti tẹ dùùrù sínú orin Misery, nígbà tí àwọn ọmọkùnrin náà kò sí níbẹ̀.

Béèsì Ló Wù Mí fèsì pé:

Mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ tako yín díẹ̀. Ní 2023, Giles Martin, ọmọ George Martin, lo ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn oníṣẹ́ Peter Jackson kọ́kọ́ ṣe fún fíìmù Get Back láti tú ohun èlò inú ipa kan ṣoṣo sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó sì tún àwọn orin àkọ́kọ́ kan tò nínú àkójọ tí à ń pè ní Àwo Pupa. Ẹ gbọ́ I Saw Her Standing There nínú rẹ̀: orin ẹnu wà láàárín, ìlù dúró ní ipò rẹ̀, gìtá béèsì McCartney sì ń sáré lábẹ́ rẹ̀ débi pé mo ń gbọ́ ìka lórí okùn. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń gbọ́ orin yìí láìmọ̀ pé béèsì náà lágbára tó bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ipa mẹ́jọ wà níwájú George Martin lọ́jọ́ náà, ṣé yóò wò ó níran ni?

Onírẹ́kọ́ọ̀dù Àtijọ́ tún fèsì pé:

Àbúrò mi, n kò sọ pé iṣẹ́ náà kò dára. Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ ni pé inú yàrá kan náà ni wọ́n ti jọ ń kọrin tí wọ́n sì jọ ń lù, ìlù Ringo Starr ń jò wọ maikirofóònù tí Lennon ń kọrin sí. Jíjò yẹn gan-an ni yàrá tí Atẹ́tísílẹ̀ rántí láti kékeré. Nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ya ìlù kúrò lára orin ẹnu, ohùn á mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n a ti gbá yàrá náà dànù.

Ibi tí mo ti fara mọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà yìí ni orin Love Me Do. Téèpù onípa méjì orin yẹn kò sí mọ́, nítorí náà kò sí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè ṣe sítẹ́rìò gidi láti inú rẹ̀ láyé àtijọ́. Èyí tí Ringo lù ní ọjọ́ 4, oṣù kẹsàn-án, 1962 tilẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: ara àwo kékeré tó mọ́ ni wọ́n ti dà á kọ, nítorí téèpù rẹ̀ ti sọnù. Èyí tó wà lórí àwo ńlá jẹ́ ti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, tí Andy White, onílù tí wọ́n háyà, lu ìlù, tí Ringo sì ń mi tambolíìnì. Bí ẹ bá gbọ́ tambolíìnì, kì í ṣe Ringo ló wà nídìí ìlù.

Atẹ́tísílẹ̀ padà wá, ó ní:

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti gbé páálí náà sọ̀kalẹ̀ lórí àjà: PMC 1202 ló wà lára rẹ̀. Mo gbọ́ ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ẹ dárúkọ tẹ̀léra wọn lálẹ́ àná. Mo gbọ́ ẹ̀rín Lennon, Ìyá Olórin, èmi náà sì rẹ́rìn-ín. Ti 2023 dùn ju bí mo ṣe rò lọ, pàápàá béèsì yẹn. Lẹ́yìn náà ni mo gbé àwo fúnra rẹ̀ sórí ẹ̀rọ tí mo yá lọ́wọ́ aládùúgbò mi. Abẹ́rẹ́ ṣì fò níbi tó ti máa ń fò, mo sì jẹ́ kó kọ ojú méjèèjì tán kí n tó lọ sùn.