Wọ́n yí Zangbeto kọjú sí ògiri: ohun tí ojú wa rí nídìí férémù òtẹ́ẹ̀lì àti ilé oúnjẹ

Oníférémù, Àgbádárìgì

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹni tó bi wá lánàá pé irú férémù wo lòun máa fi kọ́ àwòrán sí òtẹ́ẹ̀lì tóun ń parí lọ́wọ́, ẹ má bínú pé mi ò tètè dáhùn. Ọ̀rọ̀ náà ní ìtàn nínú lọ́dọ̀ mi, ìtàn ọ̀hún sì ná mi lówó.

Òtẹ́ẹ̀lì kan wà níbí tó kọjú sí ọ̀sà, tí atẹ́gùn òkun ń gba orí erékùṣù Gbẹ̀rẹ̀fú wá bá a. Fọ́tò 28 ni wọ́n kó fún mi: ọ̀nà oníyanrìn tó lọ sí Point of No Return, etíkun tí wọ́n ti ń kó ẹrú wọkọ̀ láyé àtijọ́, ilé alájà àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tí àwọn míṣọ́nnárì kọ́ parí ní 1845, àwọn apẹja tó ń fa àwọ̀n, igi àgbọn lóríṣiríṣi, àti Zangbeto méjì, eégún àwọn Ẹ̀gùn, tó ń jó. Ẹni tó ya fọ́tò yẹn mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Bàbá tó ni òtẹ́ẹ̀lì ní góòlù lòun fẹ́, kó nípọn, kó ní òdòdó lára bíi ti ààfin. Mo ní, "Bàbá, apẹja mà nìyí." Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, aṣọ là ń kí kí a tó kí èèyàn." Oṣù tí owó iléèwé ń dúró deni kọ́ lèèyàn ń bá oníbàárà jiyàn. Mo wọ Èkó lọ, mo ra góòlù.

Góòlù yẹn, ojú lásán ni. MDF ló wà nínú rẹ̀, ìyẹn ìyẹ̀fun pákó tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀, tí wọ́n wá fi bébà aláwọ̀ góòlù wé. Èmi náà ò tún ara mi ṣe: gíláàsì fèrèsé, mílí mẹ́rin, ni mo gé sí i, mo tẹ fọ́tò mọ́ gíláàsì tààrà, mo fi páálí bisikíìtì dí ẹ̀yìn, mo sì fi pín-ìn-nì lásán kàn án pa. Ó dán gbinrin lọ́jọ́ tí a gbé e kọ́. Bàbá fún mi ní owó mọ́tò lọ́tọ̀.

Ìgbà òjò kan péré ló lò. Nígbà tí wọ́n pè mí padà, igun férémù ti là bí ẹnu ẹja tó wà lórí ilẹ̀, ara góòlù ti wú, ó ń bó. Pín-ìn-nì ti dógùn-ún, omi rẹ̀ pupa bí osùn, ó ṣàn sílẹ̀ lára ògiri funfun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn. Mo gbé apẹja kan sílẹ̀, mo fi ọ̀bẹ tẹ́ẹ́rẹ́ tú ẹ̀yìn rẹ̀. Páálí ti rọ̀, ó ń rùn bí aṣọ tí kò gbẹ. Mo ní kí n yọ fọ́tò, kò wá. Ó ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì pátápátá. Mo rọra ń fà á láti igun, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń bó èèpo ẹyin. Ọrùn ọkùnrin náà àti àwọ̀n rẹ̀ tẹ̀ lé ọwọ́ mi, ojú rẹ̀ kù sára gíláàsì.

Bàbá dúró lẹ́yìn mi. Wọn ò sọ nǹkan kan. Ká ní wọ́n bú mi ni, ì bá sàn.

Ohun tó fa á kò le. Ẹ̀rọ amúlétutù á mú gíláàsì tutù, iná á lọ, wọ́n á ṣí fèrèsé, afẹ́fẹ́ gbígbóná ọ̀sà á wọlé, ìrì á sẹ̀ sára gíláàsì. Tí fọ́tò bá fara kan gíláàsì, ojú rẹ̀ á mu omi yẹn, á di gọ́ọ̀mù. Iyọ̀ inú atẹ́gùn ló jẹ irin ní tiẹ̀.

Ìdajì owó àtúnṣe, àpò mi ló ti jáde. Mo kó góòlù dànù, mo lo ìrókò àti ọ̀gànwó tó gbẹ dáadáa. Àwọn kan ń lo arère torí ó fúyẹ́, ó sì rọrùn láti gé, àmọ́ kòkòrò fẹ́ràn rẹ̀ ju bí èmi ṣe fẹ́ràn rẹ̀ lọ. Mo wá fi páálí funfun tí a gé àárín rẹ̀ jáde, èyí tí àwa ń pè ní máǹtì, sáàárín fọ́tò àti gíláàsì kí méjèèjì má fara kanra. Kì í ṣe oge nìkan ni máǹtì wà fún o! Fọ́tò A3 tó wà ní ìbú jẹ́ 42 sẹ̀ǹtímítà sí 29.7. Mo fi 7 sílẹ̀ lókè àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo fi 8 sílẹ̀ nísàlẹ̀, nítorí bí gbogbo rẹ̀ bá dọ́gba, ojú á rí i bí ẹni pé àwòrán ń jábọ́.

Gíláàsì, mo sọ ọ́ di mílí méjì. Ẹ bá mi ṣírò: mílí kan nínú mítà kan sí mítà kan wọn kílò 2.5. Férémù tó jẹ́ 60 sí 90 sẹ̀ǹtímítà, tí ẹ bá fi mílí mẹ́rin sí i, gíláàsì nìkan ti lé ní kílò márùn-ún lórí ẹni tó ń sùn. Mílí méjì dín in kù sí ìdajì. Ìkọ́ méjì ni mo fi gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ẹyọ kan, mo lo síkúrù idẹ, mo sì lẹ rọ́bà kékeré mọ́ igun ìsàlẹ̀ méjèèjì lẹ́yìn kí atẹ́gùn lè ráàyè kọjá láàárín férémù àti ògiri.

Ọ̀rọ̀ Zangbeto nìkan ló kù. Yàrá kan lókè ni wọ́n gbé ọ̀kan sí, ó kọjú sí ibùsùn. Ọmọbìnrin tó ń tún yàrá ṣe ní láràárọ̀ tí àlejò bá sùn níbẹ̀, òun á bá a tí wọ́n ti yí i kọjú sí ògiri. Àlejò kan tiẹ̀ gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó ti ilẹ̀kùn pa. Ọdẹ òru ni Zangbeto lọ́dọ̀ àwọn Ẹ̀gùn, ẹni tó ń ṣọ́ ìlú kí ẹ lè sùn! Àmọ́ ta ló máa jókòó ṣàlàyé ìyẹn fún àlejò láago méjì òru?

Ìyá Alámàlà, Ìkòròdú

Ẹ̀gbọ́n Oníférémù, ẹ kú ọgbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, nítorí ọ̀rọ̀ ilé oúnjẹ yàtọ̀ sí ti òtẹ́ẹ̀lì. Ẹ̀yin ń bá omi jà, àwa ń bá epo jà.

Ọ̀dọ̀ wa níbí ò jìnnà sí Sábọ̀ó. Ọmọ àdúgbò kan ya àwòrán àwọn ìyá ọlọ́jà mẹ́rin fún mi sórí káńfáásì, aṣọ líle tí àwọn ayàwòrán ń kun ọ̀dà sí. Wọ́n ní káńfáásì kì í lo gíláàsì, òótọ́ sì ni, nílé èèyàn. Mo gbé méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a ti ń bu oúnjẹ. Kò tó ọdún kan tí èéfín ata díndín àti epo fi bo gbogbo rẹ̀, ó ń lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́, eruku sì jókòó lé e. Ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ rò pé òun ń ràn mí lọ́wọ́, ó fi kànìnkànìn ìfọwo àti ọṣẹ gbo ó. Kí n tó pariwo, gèlè pupa orí ìyá kan ti di funfun. Ọmọ náà ní, "Mọ́mì, ó ti mọ́." Ẹ̀rín pa mí, omi sì wà lójú mi.

Mo ní kí wọ́n bá mi fi gíláàsì sí èyí tó kù. Oníférémù ibí fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ yí i ká nínú kí káńfáásì má kan gíláàsì (gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe wí). Ìṣòro mìíràn tún dé: ògiri tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà ló wà, ìmọ́lẹ̀ ìta ń bá a. Kò sẹ́ni tó rí ìyá ọlọ́jà mọ́. Àwọn oníbàárà mi ń dúró síwájú rẹ̀ tún gèlè ṣe, àwọn ọkùnrin ń wò ó bóyá ẹ̀fọ́ há sí eyín wọn. Ìgbà tí mo sún un lọ sí ògiri ẹ̀gbẹ́ ni àwòrán tó padà di àwòrán. Mo tún gbé e wálẹ̀ díẹ̀. Wọ́n ní kí àárín àwòrán wà ní nǹkan bí 150 sẹ̀ǹtímítà sílẹ̀, ìyẹn dára fún ẹni tó dúró. Ta ló ń dúró jẹ àmàlà?

Níbi táwọn ọmọdé ń jókòó sí, Perspex, ike tó mọ́ gaara, ni mo lò torí kì í fọ́ bíi gíláàsì. Ṣùgbọ́n aṣọ gbígbẹ a máa ha á, omi ìnu-gíláàsì tó ní amóníà sì ń mú kí ojú rẹ̀ ṣú. Omi àti ọṣẹ díẹ̀ tó. Kódà ti gíláàsì, ara aṣọ ni kẹ́ ẹ fọ́n omi sí, ẹ má fọ́n ọn sórí àwòrán, á ṣàn wọ ìsàlẹ̀ férémù.

Máníjà, Ẹ̀pẹ́

Tèmi ò gùn. Àwòrán ńlá kan wà ní lọ́bì wa, ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ògiri gbagbaagba, kò sẹ́ni tó gbé e kúrò rí. Lọ́jọ́ kan, àlejò kan fara tì í, ọwọ́ rẹ̀ sì wọlé. Ikán ti gba inú ògiri wá, ó ti jẹ páálí ẹ̀yìn, ó ti jẹ férémù, ó wá ṣẹ́ ọ̀dà ojú rẹ̀ kù bí awọ ìlù. Ọ̀rọ̀ rọ́bà ẹ̀yìn férémù yẹn, ọ̀la ni mò ń lọ rà á.

Akẹ́kọ̀ọ́, Ìkòròdú

Ẹ̀gbọ́n, férémù oníke tí wọ́n ń tà lọ́jà ńkọ́? Àpò mi ò ká ìrókò.

Oníférémù, Àgbádárìgì

Àbúrò, má tijú ra oníke. Ikán ò jẹ ẹ́, omi ò wú u. Ibi tó ti ń dójú tini ni àwòrán ńlá, gíláàsì á tẹ̀ ẹ́ ní àárín, oòrùn ojoojúmọ́ á sì mú kó máa kán. Fún A4, mú un lọ, ṣùgbọ́n fi máǹtì sí i.

Máníjà, ẹ kú ìrọ́jú o.

Ẹni tó ń béèrè ibi tí ọ̀rọ̀ Zangbeto já sí: ọ̀kan wà ní lọ́bì báyìí, máǹtì rẹ̀ fẹ̀, àwọn àlejò ń dúró tì í ya fọ́tò lọ́sàn-án gangan. Bàbá fi ìkejì ta mí lọ́rẹ. Mo gbé e kọ́ sí pálọ̀ mi. Láàárọ̀ yìí ni mo bá a tí ìyàwó mi ti yí i kọjú sí ògiri.