“Ìjẹrà èèpo eyín” kò bá a mu

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi,

Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé kí a máa pe ọ̀ràn tí ohun kíkan fi ń mú ara òde eyín tín-ín-rín ní “ìjẹrà èèpo eyín”. Ẹni tó mú un wá ṣe iṣẹ́, ṣùgbọ́n n kò lè fọwọ́ sí i.

Ẹni tó bá tẹ “eepo eyin” láìfi àmì sí i, ẹyin adìẹ ni òǹkàwé yóò rò. Èèpo igi tí a bó sì lè hù padà, bẹ́ẹ̀ ara òde eyín tí à ń wí kò ní ẹ̀mí tí yóò fi hù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló le jù nínú ara ènìyàn. “Ìkarahun eyín” ni mo fara mọ́. (Mo mọ̀ pé ìgbín a máa tún ìkarahun tirẹ̀ ṣe, kò sí àfiwé tí kò ní àléébù.)

“Ìjẹrà” ni kò jẹ́ kí n sùn. Iṣẹ́ kòkòrò ni ìjẹrà, bí ó ti rí nínú eyín tó luhò. Níhìn-ín, ohun mímu kíkan, tàbí omi inú ikùn tó ń ru wá sẹ́nu, ló ń yọ́ eyín fúnra rẹ̀. Ẹ wo eyín iwájú irú ẹni bẹ́ẹ̀ nínú dígí: etí rẹ̀ á máa hàn gaara bíi gíláàsì, àwọ̀ bí ìyeyè á sì máa yọ láti inú, nígbà tí orí eyín tí a fi ń lọ oúnjẹ á jin kótó.

Ẹni tí a bá sọ fún pé eyín rẹ̀ ń jẹrà yóò sáré gbé búrọ́ọ̀ṣì, yóò sì fi gbogbo agbára ha ìkarahun tí ohun kíkan ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ di rírọ̀ dànù. Ṣùgbọ́n bó bá gbọ́ “yíyọ́”, kò ní ṣòro fún un láti gbà pé omi lásán ni kí òun kọ́kọ́ fi yọnu, kí òun dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan kí itọ́ lè ṣiṣẹ́ tirẹ̀, kí òun tó wá fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti ọṣẹ ìfọyín tó ní flúóráìdì fọ ẹnu.

Ẹlòmíràn dábàá “eyín kíkan”. Ó dùn létí, nítorí “eyín ń kan mí” ni gbogbo wa ń sọ bí omi tútù bá kàn án, ṣùgbọ́n àmì ni ìyẹn. Eyín tó luhò náà a máa kan ènìyàn.

“Yíyọ́ ìkarahun eyín” ni mo dìbò fún, àyàfi bí ẹnìkan bá rí èyí tó kúrú jù ú lọ.