Káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjì, kò sí èyí tó ṣeé gbára lé: kí ni kí n tún wò?

Olùṣọ́Fáìlì kọ:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Mo ti gbìyànjú dé ibi tí ọgbọ́n mi mọ, ni mo ṣe gbé e wá síbí.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa tún ohùn tí àwọn èèyàn gbà sílẹ̀ ṣe: kí n yọ ariwo kúrò, kí n gé ibi tó yẹ ní gígé. Orí kọ̀ǹpútà kan ni mo ti ń ṣe é. Tó bá di alẹ́, mo máa ń da fáìlì ọjọ́ náà kọ sórí kọ̀ǹpútà kejì tí mo fi ń tọ́jú wọn, Linux ló sì wà lórí ìyẹn. Bí iṣẹ́ bá pọ̀, ó máa ń tó 40 GB lálẹ́ kan. Suwíìṣì kékeré kan, àpótí tó ń so kọ̀ǹpútà pọ̀, ló wà láàárín àwọn méjèèjì, kò sì sí wáyà kankan níbẹ̀ tó gùn tó mítà 10.

Káàdì méjì ló wà nínú kọ̀ǹpútà ìtọ́jú yìí. Ọ̀kan wà lára motherboard, pátákó àgbà inú kọ̀ǹpútà, fúnra rẹ̀, enp2s0 ni Linux ń pè é. Èkejì ni mo kì bọ inú ihò PCIe nígbà tí ti àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dá mi lágara. enp4s0 lorúkọ tiẹ̀.

Ohun tí enp2s0 ń ṣe nìyí. Á ṣiṣẹ́ dáadáa fún wákàtí méjì tàbí mẹ́ta, á wá dákẹ́ lọ gbári. Iná ẹnu ihò rẹ̀ á ṣì máa tàn, `ip link` á ní UP ló wà, ṣùgbọ́n pákẹ́ẹ̀tì (ègé dátà) kan ṣoṣo kò ní kọjá, àfi tí mo bá pa kọ̀ǹpútà kí n tún un tàn. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu jù ni pé kì í kú nígbà tí iṣẹ́ bá wà lọ́rùn rẹ̀. Ìgbà tó bá ti jókòó lásán fún ìgbà díẹ̀, tí iṣẹ́ wá dé lójijì, ìgbà yẹn gan-an ló máa ń kú.

enp4s0 ní tiẹ̀ kì í kú, ó kàn ń fà ni. 40 GB tó yẹ kó parí láàárín ìṣẹ́jú 6 tàbí 7 ń gba odidi wákàtí kan. Nígbà mìíràn, ìsopọ̀ á já, á padà, á tún já, lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́ẹ̀mẹrin láàárín ìṣẹ́jú kan.

Mo ti nu Linux kúrò, mo tún un fi sí i. Mo ti pààrọ̀ ihò lára suwíìṣì. Mo ti yọ káàdì PCIe, mo nu ẹnu rẹ̀, mo dá a padà. Ọjọ́ kan náà ni mo ṣe gbogbo rẹ̀, n kò wá lè sọ èyí tó yí nǹkan padà àti èyí tí kò yí i. Àdírẹ́sì enp2s0 ni 192.168.1.20, ti enp4s0 sì ni 192.168.1.21.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé motherboard ló ń kú lọ ni? Fáìlì tó wà lọ́wọ́ mi kì í ṣe tèmi, àwọn tó ni wọ́n fọkàn tán mi. Ẹ̀rù ń bà mí pé lọ́jọ́ kan n óò jí, n ò ní rí ẹ̀dà kankan.

Atọ́kùn fèsì:

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ má tíì dá motherboard lẹ́bi. Bí mo ṣe ka ọ̀rọ̀ yín, àìsàn méjì ló wà níbẹ̀, ẹ sì ń wá oògùn kan ṣoṣo fún un. Èyí tó ń kú lẹ́yìn ìsinmi yàtọ̀ sí èyí tó ń fà.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn, ẹ fa wáyà káàdì kan yọ. Káàdì méjì tó wà nínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà lórí Linux máa ń tan èèyàn jẹ. Bí kọ̀ǹpútà mìíràn bá fi ARP béèrè pé ta ló ni 192.168.1.21, enp2s0 lè dáhùn dípò enp4s0, torí pé lójú Linux, kọ̀ǹpútà ló ni àdírẹ́sì, kì í ṣe káàdì. Ẹ̀ ń rò pé enp4s0 lẹ̀ ń dán wò, bẹ́ẹ̀ enp2s0 ni pákẹ́ẹ̀tì ń gbà kọjá. Bó bá yá tí ẹ bá fẹ́ lo méjèèjì, ẹ fún enp2s0 ní àdírẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168.1, kí ẹ fún enp4s0 ní èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168.2.

Ó wá ku enp4s0. Wákàtí kan fún 40 GB ń sọ nǹkan: nǹkan bíi 11 MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan nìyẹn, ibi tí ìsopọ̀ 100 Mb/s (mẹ́gábíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan; bíìtì mẹ́jọ ló ń di báìtì kan) sì máa ń dé nìyẹn. Káàdì yín ti já bọ́ láti 1000 sí 100. Ẹ kọ `sudo ethtool enp4s0`, kí ẹ wo ìlà méjì. Ọ̀kan ni Speed. Èkejì ni Link partner advertised link modes, èyí tó ń sọ ohun tí suwíìṣì ní òun lè ṣe. Bí suwíìṣì bá ní òun lè ṣe 1000baseT/Full, tí Speed sì ń sọ 100Mb/s, wáyà ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Ìdí rẹ̀ ni pé 100 Mb/s kò nílò ju fọ́nrán mẹ́rin lọ, èyí tó wà ní ẹsẹ̀ 1, 2, 3 àti 6. Gbogbo mẹ́jọ̀ọ̀jọ ni 1000 Mb/s ń lò. Bí ọ̀kan nínú mẹ́rin yòókù bá ṣẹ́ tàbí tí kò kanra dáadáa, ọ̀pọ̀ káàdì á gbìyànjú 1000, á kùnà, á sì rọra sọ̀kalẹ̀ sí 100 láìpariwo. Bó bá ń kanra, tó tún ń já, ẹ óò rí irú já-padà-já tí ẹ sọ yẹn.

Ẹ tún kọ `ip -s -s link show enp4s0`, kí ẹ wo iye tó wà lábẹ́ crc. Ẹ da fáìlì ńlá kan kọjá, kí ẹ tún un wò. Bí iye náà bá ń gòkè, pákẹ́ẹ̀tì ń bàjẹ́ lójú ọ̀nà nìyẹn.

Kíákíá fèsì:

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀nà kúkurú wà. Ẹ fi ipá mú un: `sudo ethtool -s enp4s0 speed 100 duplex full autoneg off`. Kò ní máa já mọ́.

Atọ́kùn fèsì:

Rárá o, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Bí ẹ bá pa autoneg, ìyẹn bí káàdì àti suwíìṣì ṣe ń fúnra wọn ṣàdéhùn lórí eré, lápá kan tí suwíìṣì sì ṣì ń retí rẹ̀, suwíìṣì á gbọ́ pé 100 ni, ṣùgbọ́n kò ní mọ̀ pé full ni, ìyẹn kí apá méjèèjì máa sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Half ni yóò mú, ìyẹn kí wọ́n máa gbà á sọ níkọ̀ọ̀kan. Apá kan á máa sọ̀rọ̀ nígbàkígbà tó bá wù ú, apá kejì á máa dúró kí ẹnu ọ̀nà dá. Ping, àṣẹ tí wọ́n fi ń dán ìsopọ̀ wò, á máa lọ geere torí pé pákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n bí fáìlì ńlá bá dé, gbogbo rẹ̀ á dojú rú. Mo ti rí i tí èèyàn fi ọ̀sẹ̀ méjì wá irú àṣìṣe yìí kiri, òun náà ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ fà á.

Olùṣọ́Fáìlì fèsì:

Ẹ ṣeun gan-an, Atọ́kùn. Mo yọ wáyà enp2s0, mo dojú kọ enp4s0 nìkan.

Speed: 100Mb/s. Suwíìṣì ní òun lè ṣe 1000baseT/Full, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe sọ. Mo da 2 GB kọjá, iye abẹ́ crc kúrò ní 318 ó di 1,904. Mo wá fa wáyà náà yọ, mo tan iná fóònù sí orí rẹ̀. Ike tó mọ́ gaara ni wọ́n fi ṣe é, èèyàn lè rí inú. Fọ́nrán méje wọlé dé ògiri ìparí. Ìkẹjọ, aláwọ̀ igi tó wà létí pátápátá, dúró sẹ́yìn. Àyè tó wà níwájú rẹ̀ kò ju ìbú èékánná ọmọdé lọ, eyín wúrà tó yẹ kó gún un kàn fara rà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni. Bí mo bá ti wáyà náà sápá òsì, Speed á di 1000. Bí mo bá fi sílẹ̀, á já. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń tì í, mo ń fi í sílẹ̀, mo sì ń wo iná ẹnu ihò bó ṣe ń yí àwọ̀ padà. Oṣù mẹ́rin ni wáyà yìí ti ń dà mí láàmú.

Mo fi wáyà mìíràn sí i: 1000Mb/s, mo da 40 GB kọjá, crc kò kúrò lójú kan.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi wáyà tuntun náà sí enp2s0, tí mo sì fi í sílẹ̀ di òru, ó tún kú. Kì í ṣe wáyà ni tiẹ̀.

Ìyá_Wáyà fèsì:

Àbúrò mi, èyí tó ń kú lẹ́yìn ìsinmi yẹn, oorun ló ń pa á. Mo ti rí irú rẹ̀ rí, ó mú mi sunkún.

Bó o bá ti tún un tàn, kọ́kọ́ ka ohun tí kernel, ọkàn Linux, ti kọ kó o tó pa á: `journalctl -k -b -1`. Wá ibi tí wọ́n ti kọ NETDEV WATCHDOG àti transmit queue 0 timed out. Bó o bá rí i, kernel ló ń sọ pé òun kó pákẹ́ẹ̀tì fún káàdì, káàdì kò sì rán an lọ.

Lẹ́yìn náà, pa kọ̀ǹpútà, kó o sì fa wáyà iná rẹ̀ kúrò lára ògiri fún bí ìdajì ìṣẹ́jú. Pípa lásán kò tó. Iná díẹ̀ ṣì máa ń lọ sára káàdì lẹ́yìn pípa, kí wọ́n lè jí kọ̀ǹpútà láti orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Bí orí káàdì bá ti dàrú, ìdàrú yẹn lè wà níbẹ̀ títí tó o fi tún un tàn.

Oorun méjì ló wà, má ṣe pa méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Àkọ́kọ́ ni EEE (Energy Efficient Ethernet), tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2010 pẹ̀lú orúkọ 802.3az: bí kò bá sí pákẹ́ẹ̀tì, káàdì àti suwíìṣì á jọ tòògbé. Àwọn méjì kan kì í jọ jí dáadáa. `sudo ethtool --set-eee enp2s0 eee off` ló ń pa á. Dúró fún òru méjì.

Èkejì ni ASPM, ìyẹn oorun ọ̀nà PCIe tó so káàdì mọ́ kọ̀ǹpútà. Kọ `sudo lspci -vv`, wá káàdì rẹ, kó o wo ìlà LnkCtl. Bó bá sọ ASPM L1 Enabled, ó ń sùn. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ní kó o kọ `pcie_aspm=off` sí ìlà ìbẹ̀rẹ̀ kernel. Ohun tí ìyẹn ń ṣe gan-an ni pé kernel kò ní fọwọ́ kan ètò náà rárá, bí BIOS, ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà kí Linux tó dé, bá sì ti tàn án, títàn ló máa wà. `pcie_aspm.policy=performance` ni kó o kọ. Padà wo LnkCtl lẹ́yìn rẹ̀, má gbà á gbọ́ lásán.

Ẹni tó bá jẹ́ pé Windows ló ń lò, Device Manager ni kó lọ, kó ṣí káàdì, kó lọ sí Power Management, kó yọ àmì tó wà níwájú Allow the computer to turn off this device to save power. Energy Efficient Ethernet náà sábà máa ń wà lábẹ́ Advanced níbẹ̀.

Olùṣọ́Fáìlì fèsì:

Ìyá mi, ẹ ṣeun. Mo ṣe é bí ẹ ṣe là á sílẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Transmit queue 0 timed out wà níbẹ̀ lóòótọ́, ìgbà mọ́kànlá láàárín ọjọ́ mẹ́fà. Mo fa wáyà iná, mo dúró. Òru yẹn, ó tún kú.

Mo pa EEE. Òru àkọ́kọ́ lọ dáadáa, inú mi dùn, ó kù díẹ̀ kí n wá kọ ọ́ síbí pé ó ti tán. Òru kejì, mo ti fi `ping -D` sílẹ̀ kó máa kọ àkókò sínú fáìlì kan, aago 3:12 òru ló dákẹ́. Ẹ kú ìmọ̀ràn òru méjì. Mo tan EEE padà, kí n lè mọ ohun tí mò ń dán wò.

LnkCtl sọ ASPM L1 Enabled. Mo kọ́kọ́ fi `pcie_aspm=off` sí i, torí mo fẹ́ fojú ara mi rí i: Enabled ló ṣì wà. Mo yọ ọ́, mo fi `pcie_aspm.policy=performance` sí i, ó di Disabled. Òní ló pé òru kẹsàn-án. Pákẹ́ẹ̀tì ping kan kò sọnù, lálẹ́ àná mo da 38 GB kọjá lẹ́yìn tí káàdì ti jókòó lásán fún wákàtí márùn-ún, ó sì gbé e láìdúró.

Atọ́kùn, mo ti ya nẹ́tíwọ́ọ̀kì àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ bí ẹ ṣe wí. Wáyà àtijọ́ yẹn, mo ti gé orí rẹ̀ méjèèjì kúrò, kí ẹnikẹ́ni má bàa tún kì í bọ ibì kankan.