Ìtàkìtì ni Vettisfossen ni, àbí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú àròjinlẹ̀ o. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé: ọ̀kan nínú wa ń kọ̀wé lórí Vettisfossen, omi kan tó ń dà wálẹ̀ láti orí àpáta gíga ní orílẹ̀-èdè Nọ́wè, ó sì bèèrè ohun tí Yorùbá yóò pe irú omi bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kan ní ká ṣẹ̀dá “omi-ìjábọ́”. Àwọn yòókù ní “ìtàkìtì omi” ti wà nílẹ̀ tipẹ́, kí la tún ń wá kiri?

Èmi ò fara mọ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ọ̀rọ̀ tó bá omi yìí mu ti wà lẹ́nu àwọn ìyá wa kí ìwé tó dé: ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo omi náà ná. Inú àfonífojì Utladalen ló wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn òkè Jotunheimen, ẹsẹ̀ ni wọ́n sì ń fi rìn débẹ̀. Odò ń bọ̀ láti òkè, ó dé etí àpáta, ilẹ̀ sì tán lábẹ́ rẹ̀ lójijì. Láti etí yẹn dé ìsàlẹ̀, mítà 273 ni (àwọn ìwé kan kọ 275), omi náà ò sì tẹsẹ̀ dúró níbì kankan lójú ọ̀nà. Ó gùn gbọọrọ, ó tẹ́ẹ́rẹ́. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i, etí rẹ̀ a fọ́n ká bí ìrì kó tó balẹ̀. Láti 1924 ni ìjọba ibẹ̀ ti fi òfin dáàbò bò ó.

“Ta òkìtì” ló bí ìtàkìtì. Ẹni tó ń tàkìtì á fọwọ́ balẹ̀, á gbéra, á tún fẹsẹ̀ balẹ̀. Bí Olúmirin ti Erin-Ìjẹ̀ṣà ṣe ń ṣe nìyẹn: ìpele méje, omi ń ti orí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì. Ẹni tó kọ́kọ́ pè é ní ìtàkìtì mọ ohun tó ń sọ. Òkìtì wo ni Vettisfossen wá ta?

Ní ti “omi-ìjábọ́”, ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ọmọ tó gun igi ló ń já bọ́. Jàǹbá ló wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn, kò sì bá omi tó ń dà tọ̀sán-tòru láìsinmi mu.

Wọ́n á ní omi etí òrùlé lásán ni ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, ó ti kéré jù fún ohun tó ga fíofío báyìí. Ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ tí òjò bá ń rọ̀ kẹ́ ẹ wò ó dáadáa. Omi ń ṣàn lórí páànù, kì í ṣe ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ síbẹ̀. Ìgbà tó bá fi etí páànù sílẹ̀, tó dá dúró nínú afẹ́fẹ́ bí okùn, tí ò kan ògiri títí tó fi gbẹ́ kòtò sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ìgbà yẹn ló tó di ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀. Bó ṣe ń dà ni ọ̀rọ̀ náà ń júwe, kì í ṣe bó ṣe tóbi tó.

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe àwàdà àwa onímọ̀ èdè nìkan. Ẹ wo Mardalsfossen, irú omi bẹ́ẹ̀ mìíràn ní àfonífojì Eikesdalen ní Nọ́wè. Àwọn kan ní gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 705. Àwọn mìíràn kọ 358, àwọn kan 297. Ẹni tó ka gbogbo òkìtì tó ta láti òkè délẹ̀ ń sọ tirẹ̀, ẹni tó wọn ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo náà ń sọ tirẹ̀. “Foss” ni Nọ́wè ń pe gbogbo rẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì ló wà lọ́wọ́ tiwa, a wá fẹ́ lọ yá ẹ̀kẹta. (Ṣé ẹ mọ̀ pé wọ́n ti darí omi Mardalsfossen lọ síbi tí wọ́n ti ń fi pèsè iná? Àwọn èèyàn jókòó síbẹ̀ ní 1970 láti dí wọn lọ́wọ́, Arne Næss onímọ̀ ìjìnlẹ̀ wà lára wọn, àmọ́ pàbó ló já sí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn nìkan, láti June 20 sí August 20, ni wọ́n ń tú omi sílẹ̀ fún un. Ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ tó ń gbàṣẹ!)

Ẹni tó ń kọ̀wé náà kọ “ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ Vettisfossen”. Foss ti wà nínú orúkọ yẹn, “-en” tó tẹ̀ lé e sì dà bí “náà” tiwa. Vetti ni oko tó wà nítòsí rẹ̀. Ẹ kọ Ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ Vetti, kẹ́ ẹ fi orúkọ Nọ́wè tẹ̀ lé e lẹ́ẹ̀kan péré.

Ẹnìkan ti bèèrè ní ìkọ̀kọ̀ bóyá Sarpsfossen náà á jẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀. Rárá o. Odò Glomma ló ń ya wálẹ̀ níbẹ̀, ó fẹ̀, ó ń hó yaya, gíga rẹ̀ ò sì ju nǹkan bí ogún mítà lọ. Ìyẹn, ẹ máa pè é ní ìtàkìtì.